Àlejò Tó Kọ́ Mi Ní Káàdì Nínú Oṣù Àwẹ̀

Ẹyin adìẹ ẹyọ kan ti di sídì mẹ́ta lọ́jà Asawase ní Kùmásí níbí báyìí. Mo ra márùn-ún láàárọ̀ yìí, mo sì bi ẹni tó tà á fún mi bóyá adìẹ náà lọ sí Mẹ́kà kó tó yé e. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yọ pẹ́séwà kan kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo pe ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi kí ẹ wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ẹ jókòó, ẹni mẹ́ta lórí àga kan, ẹ doríkodò sínú fóònù bí adìẹ tí òjò pa. Mo ní kí lẹ ń ṣe, ẹ ní káàdì lẹ ń ta. Ta lẹ ń bá ta á? Ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹnì kan ṣáá ni, ó lè wà ní Accra, ó sì lè wà ní Íńdíà.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹyin fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹ̀rín eyín ni, kò dé inú. Èmi náà ti bá ẹni tí a ò mọ̀ ta káàdì rí. Inú fóònù kọ́, orí ẹní nínú àgbàlá bàbá mi ni, orúnkún wa sì ń kan ara wọn. Ẹ pa nǹkan yẹn kí n tó fi omi pa á fún yín. Ẹyin á dúró. Ẹyin tó gbówó lórí tó báyìí yẹ kó ní sùúrù.

Àdúgbò Moshie Zongo tí ẹ mọ̀ lónìí kọ́ ni mò ń sọ. Ilé wa nígbà náà jẹ́ yàrá mẹ́jọ tó yí àgbàlá kan ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà wọlé, tí ẹnì kan bá húkọ́ ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní ìkẹjọ á ní pẹ̀lẹ́. Ohùn la fi ń mọ àkókò. Ládàánì á jí wa. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀rọ télọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Tí oòrùn bá yẹ̀ lórí, ìyá Àṣáńtì tó wà nílé kejì á gbé odó fùfú rẹ̀ jáde, gìn-ìn, gìn-ìn, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Ẹ̀yin ní aago lára fóònù, aago lára ògiri, aago lọ́rùn ọwọ́, síbẹ̀ ẹ kì í dé ibi kankan lákòókò.

Abọ́ táńganran ni bàbá mi ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Race Course. Kò kọ́lé sí Kùmásí. Nínú àwọn ará Ìlọrin tiwa nígbà yẹn, ẹni tó bá kọ́lé síbí, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. Ilé là ń kọ́lé sí. Bàbá mi ti mọ ilé oníyàrá mẹ́rin fún ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, ògiri amọ̀ ni, ó dé ibi tí òrùlé yẹ kó gbé bẹ̀rẹ̀, owó bá tán. Ilé tí kò lórùlé, òjò ló ni ín. Òjò ọdún kan ti lá ògiri náà bí ewúrẹ́ ṣe ń lá iyọ̀. Ìyá àgbà wá ní kí alùfáà bá òun kọ lẹ́tà, bàbá mi sì kà á sí wa létí títí èmi náà fi há a sórí: "Ọmọ mi, inú yàrá onílé-onílé ni mò ń sùn. Ògiri yìí ò lè gba òjò ọdún méjì. Bo ilé mi kí òjò tó dé."

Bàbá mi fi orúkọ Ọlọ́run búra pé kí òjò àkọ́kọ́ tó kán, páànù á ti wà lórí ilé náà. Láti ọjọ́ yẹn, páànù la jẹ, páànù la mu. Tí ẹran bá kéré lọ́bẹ̀, páànù ló jẹ ẹ́. Tí mo bá bèèrè bàtà ọdún, ìyá mi á ní, "Ó wà ní Ìlọrin, wọ́n fẹ́ kàn án mọ́ orí ilé." Owó yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi nínú ìkòkò kan, ó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwa sì ń rù.

Oṣù tó ṣáájú àwẹ̀ ni Ràájí dé.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì kan lọ́wọ́, kò tíì sọ orúkọ rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá mi. Ó kì í láti orí baba ńlá rẹ̀ wá, kò fo ẹnì kan, ó ki ìdí ilé wa, ó ki àwọn ìyá tí bàbá mi fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ẹ ò mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Orí á wú, ọpọlọ á sì lọ sùn. Bàbá mi dúró sójú kan, abọ́ lọ́wọ́ kan, àkísà lọ́wọ́ kejì, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí àlejò wọ yàrá lọ gbé ẹrù kalẹ̀, ìyá mi bèèrè pé, "Ọmọ ta ni?"

Bàbá mi ní, "Ẹni tó mọ oríkì wa tó báyìí, tiwa ni."

"Ayékòótọ́ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, Bàbá wọn."

"Ìyá wọn, má fi ẹnu rẹ yìí lé àlejò lọ fún mi."

Ó parí. Nílé wa, a kì í bi àlejò pé ìgbà wo lo ń lọ. A kì í bi í pé kí ló gbé ọ wá. Ẹni tó bá bèèrè, ó ti lé e nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé Ìlọrin kí ẹni náà tó dé ibẹ̀. Ràájí sùn sí yàrá ìta, ó jẹ oúnjẹ wa, ó ń pe ìyá mi ní Ìyáàfin, ó ń pè mí ní Àbúrò. Ó lẹ́rìn-ín lójú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, n ò ní parọ́ fún yín.

Nígbà tí àwẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé káàdì jáde. Agolo bísíkíìtì ni káàdì wa ń gbé, ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni agolo ń gbé, láti àwẹ̀ kan dé òmíràn ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Àárín ìrun alásárì sí màgàríbì nìkan la máa ń ta á, nígbà tí ebi bá ń rin èèyàn nífun tí oòrùn sì kọ̀ tí kò wọ̀. Alùfáà tó ń kọ́ wa ní kéú ní èèwọ̀ ni. Bàbá mi dá a lóhùn pé òun ò fi owó ta, ebi lòun ń ta, bí alùfáà bá fẹ́ ra díẹ̀ kó máa bọ̀. Èso dàbínù la fi ń ta á. Èso méje méje fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá wà níwájú rẹ nígbà tí ládàánì bá pè ni wàá fi ṣínu. Mo rántí àgbàlagbà tó fi omi lásán ṣínu nítorí káàdì, tó ń wo ẹnu ẹlòmíràn bí ajá.

Sípáà ni eré náà ń jẹ́. Ẹni mẹ́rin ló dùn fún, àbúrò bàbá mi tó máa ń ṣe ẹnì kẹrin sì ti kó lọ sí Tamale lọ́dún yẹn. Ràájí ló ní, "Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi yìí wá jókòó. Èmi á kọ́ ọ."

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ gba àwẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ka ara mi sí àgbà.

"Àbúrò, káàdì márùn-ún lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣíwájú á ju ọ̀kan sílẹ̀. Irú èyí tó bá jù ni ìwọ náà á jù, bí o bá ní in. Bí o ò bá ní, ju ohun tó wù ọ́. Èyí tó tóbi jù nínú irú rẹ̀ ló kó o, ẹni tó kó o ni yóò tún ṣíwájú."

"Ẹni tó bá kó jù ló jẹ?"

"Rárá. Mẹ́rin àkọ́kọ́, ariwo lásán ni. Ẹni tó bá kó ìkarùn-ún ló jẹ."

"Ìkarùn-ún nìkan?"

"Òun nìkan. Bó bá sì jẹ́ pé káàdì kékeré lo fi kó o, èso mẹ́ta ni wàá gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dípò ọ̀kan."

Ẹ gbọ́ eré tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ: jẹ́ kí wọ́n máa kó o, máa rẹ́rìn-ín, fi èyí tó kéré jù pamọ́ dìgbà tí ọwọ́ gbogbo wọn bá ṣófo. N ò mọ̀ nígbà yẹn pé ó ń ka ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ sí mi létí ni.

A ò mọ orúkọ òyìnbó àwọn káàdì náà, a fún wọn ní tiwa. Èyí pupa tó dà bí ọkàn, Ọkàn là ń pè é. Pupa onígun mẹ́rin, Tíìrà, torí ó jọ èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn. Dúdú ẹlẹ́nu ṣóńṣó, Ewé. Dúdú olórí mẹ́ta, Ààrò. Lọ́jọ́ kejì tí mo jókòó, wọ́n ju Ààrò, mo ní n ò ní, mo ju Ọkàn. Ààrò wà lọ́wọ́ mi, mo pè é ní Ewé ni. Ẹni tó bá ní irú káàdì tó sì sẹ́ ẹ, ìyà rẹ̀ nílé wa ni pé kó lọ pọn omi tí gbogbo ilé á fi ṣe àlùwàlá. Gbogbo ilé ni mo wí, yàrá mẹ́jọ, pẹ̀lú arúgbó kan tó máa ń fọ ẹsẹ̀ kan fún wákàtí kan. Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àárín èjìká lọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "Pọ̀n ọ́n dáadáa, ọmọ mi, tó bá tún di ọ̀la wàá mọ ewé yàtọ̀ sí ààrò."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ràájí sọ fún mi pé, "Má máa wo káàdì, Àbúrò. Káàdì ò lójú. Ojú ẹni tó dì í mú ni kí o máa wò."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn. Bàbá mi kò ní ohun kan tó ń fi pamọ́. Àṣà kan wà nínú sípáà tí àwọn ọmọ Kùmásí ń pè ní dúráì: kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wàá ṣí káàdì kékeré tí o fẹ́ fi parí sílẹ̀ gbangba, bí o bá fi í jẹ, ìlọ́po méjì ni wọ́n á san. Ọlọ́gbọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bàbá mi ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sán kan, á la káàdì rẹ̀ mọ́ ẹní, á ní, "Ẹ wò ó, n ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni." Ìyá mi ní tirẹ̀, ó ń ka ohun tó ti jáde. Kò mọ ìwé, àmọ́ bí Ọkàn bá ti lọ mẹ́fà, ó mọ̀ pé mẹ́fà ni, ó mọ ọwọ́ tó jù ú.

Ràájí sì ń ṣe bí ẹni tó ń gbàgbé. Á ní, "Háà, mo mà ní èyí lọ́wọ́," nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló ń jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Èso dàbínù ń ga níwájú rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń jẹ máa ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ilé, ó sọ ti ògiri, ó sọ ti lẹ́tà. Ràájí á máa mi orí. Lọ́jọ́ kan ó rántí pé òun mọ ẹnì kan tó ń ta páànù ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ mìíràn ó ní òun á lọ ilé lẹ́yìn ọdún ìtúnu, òun á kí Ìyá àgbà fún wa. Kò bèèrè owó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò bèèrè rí. Ẹni tó bá bèèrè, ẹ lè sọ fún un pé rárá.

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń lọ. Ooru ń mú. Ìyá Àṣáńtì yẹn kọjá lọ́sàn-án kan, ó wo ojú sánmà, ó ní òjò ọdún yìí á yá. Ọ̀rọ̀ lásán ni lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ mo rí bí ọwọ́ bàbá mi ṣe dúró lórí káàdì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwẹ̀ parí. Bàbá mi ṣe dúráì, ó ṣí Tíìrà ẹlẹ́yọ mẹ́fà sílẹ̀, nínú sípáà kò sí èyí tó kéré jù ú, Tíìrà mìíràn kan lásán lè pa á. Ìyá mi kò ní Tíìrà, mo rí i lójú rẹ̀. Èmi náà ò ní. A ta á dé ìkẹrin. Bàbá mi ju Ọkàn. Ràájí bá ju Tíìrà lé e, Tíìrà ẹlẹ́yọ mẹ́wàá, èyí tí ìbá fi pa káàdì bàbá mi bó bá dì í mú fún ìṣẹ́jú kan sí i. Tó bá ju Tíìrà nígbà tí wọ́n ju Ọkàn, a jẹ́ pé kò ní Ọkàn. Bàbá mi hó, ó gbé Tíìrà kékeré rẹ̀ lé ìkarùn-ún, ó jẹ. Nínú ẹ̀rín yẹn ni Ràájí ki káàdì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bọ àárín òkìtì káàdì, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ọkàn ni.

Ó ní i, ó sì sẹ́ ẹ. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ pọnmi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni, àmọ́ èmi ṣèèṣì ni.

Ó yíjú, ó bá ojú mi nílẹ̀. Kò jáyà rárá. Ó fi ìka ti èso dàbínù mẹ́ta sọ́dọ̀ mi lórí ẹní, ó rọra ní, "Àbúrò, o ti mọ̀ ọ́n ta báyìí." Ládàánì pè. Mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣínu.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ọmọdé kì í wo ojú àgbà kó ní ó ń ṣe màgòmágó. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ sọ, ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn? Bàbá mi ló jẹ. Ta ló ń mú olè tó ń kó ẹrù wọlé fún èèyàn?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn sààrì, bàbá mi sọ fún ìyá mi pé kó kó owó páànù jáde, Ràájí ni yóò gbé e lọ.

Ìyá mi ní, "Àwọn oníṣòwò tí a mọ̀ ń lọ ní oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi rán wọn."

"Oṣù tó ń bọ̀, òjò á ti dé."

"Bàbá wọn, mo ka Ọkàn lánàá. Ọ̀kan wà tí n kò rí kó jáde. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ló wà."

"Ìwọ ń ka káàdì, èmi ń ka ọjọ́ òjò."

"Ẹni tó ń mú kí ẹ máa jẹ lójoojúmọ́, kí ló ń rà lọ́wọ́ yín?"

Ohùn bàbá mi le. "Ṣé ó wá burú pé mo jẹ ni?"

Ìyá mi yíjú sí mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. "Ìwọ tó jókòó tì í. Kí lo rí?"

Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo gbọ́ ohùn Ràájí níta, ó ń ki télọ̀, télọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "N ò rí nǹkan kan, Ìyá."

Bàbá mi ní, "Ó tán. Ọmọ ti jẹ́rìí."

A ṣe ọdún. Mo wọ bàtà àtijọ́, mo jẹ ẹran. Lọ́jọ́ kẹta ọdún, àwọn àgbà méjì láti ìdílé wa wá jókòó, ìyá mi gbé ìkòkò wá, wọ́n di owó náà sínú aṣọ, wọ́n ka Fátíà lé e lórí. Ìyẹn ni ìwé wa nígbà náà. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ki oríkì yín fọwọ́ síwèé, ẹ ti bú u tìdílé-tìdílé. Ìyá mi sin ọkọ̀ tó gbé Ràájí títí dé ibi tó ti yà sójú ọ̀nà ńlá, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ wọlé. Ràájí na ọwọ́ jáde ní fèrèsé, ó ń juwọ́ sí mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dídúró. Lójoojúmọ́ tí sánmà bá ṣú, bàbá mi á kọ̀yìn sí oníbàárà, á máa wo apá ìlà-oòrùn, bí ẹni pé ó lè rí Ìlọrin láti Race Course. Ó ní wọ́n á ti máa kan páànù báyìí. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti kan yàrá àkọ́kọ́. Òjò Kùmásí dé, ó lu òrùlé ilé ayálégbé wa, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé a ò gbọ́ ara wa lórí oúnjẹ.

Lẹ́tà dé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ìyá mi sọ. Ìyá àgbà kí wa. Ó ní ẹnikẹ́ni kò wá. Ó ní òun bèèrè ọ̀dọ̀ gbogbo agboolé, wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ràájí. Ó ní òjò mẹ́ta ti rọ̀, ògiri ẹ̀yìn ti wó, ti iwájú ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ọmọ òun má ṣe jẹ́ kó dùn ún jù, àwọn onílé tí òun ń sùn sọ́dọ̀ wọn jẹ́ èèyàn dáadáa. Inú yàrá wọn yẹn náà ni Ìyá àgbà padà kú sí.

Bàbá mi ká lẹ́tà náà sí wẹ́wẹ́. Ó gbójú sókè, èmi ló sì wò.

"Kí lo rí lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Ọkàn ni, Bàbá. Ọkàn ló dojú rẹ̀ bolẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ."

Kò nà mí. Ìbá nà mí, ìbá sàn fún mi. Ó yíjú sí ìyá mi, ó rọra bi í pé èló ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìyá mi kò ronú, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Pọ́n-ùn mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, ṣílè mẹ́fà."